Oró Ejò: Kí Ìjọba Fún Láàbù Ifẹ̀ Ní Iná

Ẹni tó bá ń roko kòkó láàárín Ifẹ̀ sí Iléṣà mọ̀ pé abẹ́ ewé gbígbẹ kì í ṣe ibi tí à ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ láìwò. Bí sèbé bá ṣán èèyàn, abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ni dókítà máa wá. Láti nǹkan bí ọdún 1895 ni wọ́n ti ń ṣe é bákan náà: wọ́n á máa fún ẹṣin ní oró díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yọ ohun tí ara rẹ̀ fi bá oró náà jà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó wọ́n, ara ẹlòmíràn sì máa ń kọ̀ ọ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, David Baker ti Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ mìíràn jáde. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya purotéènì tuntun, irú èyí tí kò sí lára ẹ̀dá kankan tẹ́lẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ oró àwọn ejò ìdílé sèbé kó tó rọ èèyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Nínú àwọn eku tí wọ́n fún ní oró tó yẹ kó pa wọ́n, 80 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè. Kò tíì dé ara èèyàn o, kò sì kan oró paramọ́lẹ̀.

Baker yìí wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2024. Àwọn méjì yòókù, Demis Hassabis àti John Jumper, ló ṣe AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ti sọ bí purotéènì tó lé ní 200 mílíọ̀nù ṣe rí. Ọ̀fẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lè ṣí àwòrán wọn lórí fóònù nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì: àwọ̀ búlúù níbi tó ti dá kọ̀ǹpútà lójú, àwọ̀ ọsàn níbi tó ti ń méfò.

Àmọ́ àwòrán kì í wo ẹni tí ejò ṣán. Àwọn tó wà ní láàbù gbọ́dọ̀ ra jíìnì, ìyẹn ìlànà tí ohun alààyè fi ń ṣe purotéènì, kí wọ́n fi sínú bakitéríà kó lè bá wọn ṣe é, kí wọ́n fọ purotéènì náà jáde, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú fírísà tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Bí iná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí kò sí dísẹ́ẹ̀lì nínú jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ti bàjẹ́ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Àwọn kan á ní kí a jẹ́ kí òyìnbó parí rẹ̀, ká kàn rà á. Ẹ bi àwọn ará Gánà wò. Nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe ní Íńdíà rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, àwọn tó ń kú nínú àwọn tí ejò ṣán fò láti 1.8 sí 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ejò ibòmíràn kọ́ ni ejò tiwa.

Nítorí náà, a ò béèrè ilé tuntun tí wọ́n á kọ orúkọ gómìnà sí lára. Iná sólà tí kì í já, fírísà, àti owó jíìnì fún láàbù bayokẹ́mísìrì àti ti ìmọ̀ oògùn ní Ifẹ̀ la ń béèrè. Kí ìjọba Ọ̀ṣun àti TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, jọ gbé e, kí wọ́n sì so iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, kí oró ejò igbó wa jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yẹ̀ wò. A fẹ́ rí i nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ kó tó dé iwájú àwọn aṣòfin ní Òṣogbo.