Èsì wa sí Alhájà tó fún wa ní ìràwọ̀ 1 nítorí ìjánu àgbò

Ẹ ṣé tí ẹ ráyè kọ̀wé, Alhájà. A ti kà á.

Ẹ ní ìjánu okùn tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ló fún imú àgbò yín pinpin títí ó fi wólẹ̀ sójú títì, àti pé okùn lásán ni a gba 3,500 náírà lé lórí. Ìyókù ohun tí ẹ kọ, n ò ní tún un sọ níbí, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà ní ìyá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 4 oṣù Okúdù 2025, ni ẹ wá sí ìsọ̀ wa ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Iléyá ku ọ̀túnla. Ó ti lé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èrò àti àgbò ti kún ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pátápátá nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ẹni tó ti ń so okùn lọ́dọ̀ mi láti 2016, ló dá yín lóhùn. Àgbò wà nínú búùtù ọkọ̀ yín. Ọmọ náà bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ kí òun lè wọn orí rẹ̀. Ẹ ní ẹ ò ráyè, kó fojú wọ̀n ọ́n. Ó fojú wọ̀n ọ́n. Àṣìṣe tiwa nìyẹn. Kò yẹ kó gbà, mo sì ti bá a wí.

Àwọn mìíràn tó fẹ́ rajà ń ka èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a tà fún yín. Okùn òwú ni, bí ẹsẹ̀ bàtà 9 ní gígùn, ó nípọn tó ọmọńdinrín. Kì í ṣe okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹrù. Okùn rọ́bà máa ń yọ̀, kókó kì í dúró lára rẹ̀, ó sì máa ń bó ẹran lára. A ṣe ojú kékeré kan tí okùn lè gbà kọjá sẹ́nu okùn, a fi òwú dì í pinpin kó má tú. A ṣe ojú kejì sí ibi tí ìbú imú ẹran bá dé. Èyí tó wà láàárín ojú méjèèjì ló máa gba orí imú. Kì í gùn, kì í kúrú. Okùn tó kù á gba ẹ̀yìn etí, á wọ ojú òdìkejì, á gba abẹ́ àgbọ̀n, á wá jáde lápá òsì ẹran. Òun ni a fi ń fà á. Tí ẹ bá fà á, abẹ́ àgbọ̀n ló ń fún. Tí ẹ bá dẹ ọwọ́, á dẹ̀. Kó má baà fún kọjá ààlà, a máa ń ta kókó kan sí i níbẹ̀. Kókó yẹn ni ẹ̀mí ìjánu. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ojóbó ló kù.

Alhájà, mo wo àwòrán tí ẹ̀yin fúnra yín fi síbẹ̀ lọ́jọ́ 9. Ẹ gbé ìjánu náà wọ̀ ọ́ lódìlódì. Èyí tó ń fún ló wà lórí imú, èyí tí kì í yí padà ló wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ó tún sọ̀kalẹ̀ dé orí ihò imú, níbi tí egungun ti parí, bẹ́ẹ̀ agbedeméjì ẹyinjú ẹran àti ihò imú rẹ̀ ló yẹ kó wà. Kókó wa kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Kókó tí mo fọwọ́ ara mi fà kó tó kúrò ní ìsọ̀! Ta ló tú u? Ẹ ní ọmọ yín ló fa àgbò náà láti Ṣángo dé Mọ́kọ́lá. Ẹ bi í.

Ẹ ní ọmọ iṣẹ́ wa pariwo mọ́ yín. Ó pariwo lóòótọ́. Ohun tó ń pariwo ni pé kí ẹ má fi ìjánu sí àgbò lórí kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ lóun nìkan, torí ó lè há. Ẹ ti yí gíláàsì ọkọ̀ sókè nígbà náà.

Ọdún 22 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ẹran kankan kò tíì kú sínú okùn mi.

Síbẹ̀, ẹ mú ìjánu náà wá bó ti wù kó rí. A ó dá 3,500 yín padà, a ó tún ṣe méjì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: ọ̀kan fún àgbò Iléyá tó ń bọ̀, ọ̀kan fún ewúrẹ́ tí mo rí lẹ́yìn yín nínú àwòrán. Okùn rọ́bà ló wà lọ́rùn ewúrẹ́ yẹn, ojóbó sì ni wọ́n ta á. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ẹ ti rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u lónìí.