Iṣan Wo Ni Wọ́n Ní Wọ́n Máa Ń Gé Níbi Iṣẹ́ Abẹ Ẹ̀yìn?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkè-Lélé, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu Àlàájì kan tí a jọ jókòó sórí ẹní: "Ẹni tí wọ́n bá ti fi abẹ kan ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, iṣan ni wọ́n máa gé, olúwarẹ̀ kò sì ní dìde rìn mọ́." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí, títí kan ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn ń dùn débi pé apá kan ìdí rẹ̀ nìkan ni ó fi jókòó. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Ọ̀fà, mo ti gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ láti Ọ̀mù-Àrán wá sí Ìlọrin, ó sì ti sú mi.

Iṣan wo ni? Orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe nǹkan mẹ́ta. Ohun yíyi tó so ẹran ara mọ́ eegun ní gìgísẹ̀, iṣan ni. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń fi ìka wá kiri lápá kí ó tó gún ni lábẹ́rẹ́, iṣan ni. Fọ́nrán tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ sí ìka ẹsẹ̀, iṣan náà ni. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ fún ẹbí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan fara gbọgbẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ẹnu ọ̀nà agboolé, ó ti di "wọ́n ti gé iṣan rẹ̀", kí ó sì tó dé ọjà Ìpàtà, aláìsàn ti di arọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ya lè pa ènìyàn, n kò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń gbé iṣẹ́ ìrìn lọ sí ẹsẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti alápatà nígbà Iléyá ti rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, bí kò tilẹ̀ kíyè sí i. Nígbà tí wọ́n bá ti kó ìfun àti ẹ̀dọ̀ àgbò kúrò, tí ikùn ṣófo, ẹ wo ìsàlẹ̀ ikùn náà níbi tí egungun ẹ̀yìn ti hàn láti inú. Ẹ ó rí ọ̀pá kan tó funfun díẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ iwájú eegun náà gbọọrọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í padé bí ọ̀bẹ bá gé e. Èkejì rẹ̀ tó rọ̀, tó sì dúdú jù ú lọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, èkejì ń dá a padà. Ẹ wá dúró kí alápatà fi àáké la egungun ẹ̀yìn náà sí méjì, nígbà náà ni ẹ ó rí mùdùnmúdùn funfun tó gba àárín rẹ̀, èyí tí iṣẹ́ ọpọlọ ń gbà lọ sí ẹsẹ̀. Yàrá ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún, yàrá ọ̀tọ̀ ni tibí. Lára èmi àti ẹ̀yin náà, mùdùnmúdùn yìí ti parí ní ìwọ̀n eegun ìbàdí kìíní sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni dísìkì, ìyẹn ohun bí ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣiṣẹ́ abẹ lé lórí wà ní ìsàlẹ̀, láàárín ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún, tàbí lábẹ́ ìkarùn-ún. Fọ́nrán iṣan tó fọ́n ká bí irun ìrùkẹ̀rẹ̀ ni ó kù níbẹ̀. A lè ṣe wọ́n léṣe, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n pe ohun tí wọn kì í ṣe.

Ibo wá ni ewu iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń wá? Ẹ̀yìn ni oníṣẹ́ abẹ gbà wọlé, ikùn sì ni iṣan ńlá wà, ní iwájú eegun. Ohun èlò kan tó dà bí ẹ̀mú ni ó fi ń yọ ègé dísìkì tó bàjẹ́. Awọ líle kan wà ní iwájú dísìkì náà tó dá a dúró, ṣùgbọ́n bí awọ yìí bá ti gbó, tí ẹ̀mú sì wọlé jù, ó lè la ibẹ̀ kọjá kí ó sì kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní iwájú eegun ìbàdí kẹrin gan-an ni iṣan ńlá náà ti pín sí méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka ti apá òsì ni ó sì sábà máa ń fara gbá a. Iye ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń kọ sílẹ̀ kò ju bí ènìyàn 1 sí 5 nínú 10,000 tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ dísìkì fún láti ẹ̀yìn. Kí Àlàájì wa fi èyí wé "wọ́n máa gé e".

Ohun tí ó yẹ kí ó bani lẹ́rù ni wọn kì í mẹ́nu bà. Wọ́n rò pé bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ru jáde lójú egbò tí gbogbo ènìyàn yóò fi rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aláìsàn dojú bolẹ̀, ihò tí ẹ̀mú lù kéré, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lọ sẹ́yìn ikùn níbi tí àyè wà; nínú ìṣẹ̀lẹ̀ tó ju ìdajì lọ, ojú egbò kì í fi nǹkan kan hàn. Ẹni tó ń tọ́jú oorun aláìsàn ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ọkàn á máa sáré, ikùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà náà, kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ yí aláìsàn padà, kí wọ́n la ikùn, kí wọ́n sì rán iṣan náà. Níbi tí irinṣẹ́ bá pé, wọ́n lè gba inú iṣan ní ìtan kọjá láti dí i. Bí wọn kò bá tètè fura, ikú ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀fà gbọ́ ti àwọn onígéṣan yìí fún ọdún méjì gbáko. Ó ń fi àgbo para, ó ń fi aṣọ gbígbóná jó ìbàdí, ìrora sì ń fà láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó wọ sílípáásì lọ pọn omi. Nígbà tó fi padà dé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wọ bàtà, èkejì ti yọ sọ́nà, kò sì mọ̀. Dísìkì tó ń tẹ fọ́nrán iṣan ẹsẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di arọ díẹ̀díẹ̀, abẹ kò tíì kàn án rárá. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí a tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ abẹ, dókítà yí ìwé náà padà, ó fi bírò ya eegun márùn-ún, ó sì ya iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó pín sí méjì bíi kànnàkànnà tí a dorí rẹ̀ kodò sí iwájú wọn. Ó ní, "Ìyá, èyí ni n kò gbọdọ̀ débẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lónìí, ó ń lọ sọ́jà fúnra rẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kò gbé sókè dáadáa, ìyẹn sì jẹ́ èrè ọdún méjì tí a fi gbọ́ ìtàn.

Mo gbà pé bí wọ́n bá gba ikùn wọlé sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ewu yìí pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí wọ́n ní láti fa àwọn iṣan ńlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó ráyè. Kí aláìsàn béèrè ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà, kí ó sì béèrè ẹni tí yóò rán iṣan bí ó bá ya.

Ohun kan tó kù tún ni èyí tó máa ń fara pamọ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀mú á lu iṣan méjèèjì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ àlọ á wá máa tú sínú ti àbọ̀ láìsí pé ẹ̀jẹ̀ kankan dànù. Àwọn dókítà Linton àti White kọ nípa irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1945, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ tún un ṣe. Ó lè pẹ́ ní oṣù tàbí ọdún kí ẹsẹ̀ tó wú, kí mímí tó máa ṣòro, tí wọn yóò sì máa tọ́jú ọkàn lásán. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó má gbàgbé láti sọ fún dókítà pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún òun rí, kódà bí wọn kò bá béèrè.