Ẹni tó kó àjọ tán, tí ò dá mọ́
Ó ti sú mi! Èèyàn méjìlá la jọ ń dá àjọ, 20,000 náírà lóṣooṣù, kí ẹnì kan lè kó 240,000 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ títí tó fi gba oṣù kejì, pé owó ilé lòun fẹ́ san, ó kó owó tán, fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́. Ẹ sì máa rí i nínú aṣọ ẹbí lọ́jọ́ Sátidé! Èmi tí mo gba oṣù ìkẹyìn torí owó iléèwé ọmọ, ṣé òkúta ni kí n kó fún wọn níléèwé? Gbèsè oṣù mẹ́wàá ló ń sá fún yẹn o. Ìyá alájọ wa ti ń fi owó ọjà ara rẹ̀ dí i, obìnrin tí ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀!