Ta ló gbẹ́ ihò náà?

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, a bá ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n. Agogo mọ́kànlá ti lù kọjá. Ètò nípa ojú ọ̀run ló ń lọ lọ́wọ́. Faransé ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń fọ̀, ohùn rẹ̀ sì wúwo bíi ti adájọ́ tó fẹ́ dá ẹjọ́ ikú. Ọmọ náà, tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló ń túmọ̀ fún ìyá. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń pe "trou noir", ó yíjú padà: "Màmá, wọ́n ní ihò dúdú kan wà lójú ọ̀run tó ń gbé ìràwọ̀ mì." Ìyá dáwọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó dúró. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ọmọ.

"Ihò kẹ̀? Ta ló gbẹ́ ẹ?"

Ọmọ ò rí èsì fọ̀. Ẹlẹ́nu Faransé ò sì gbọ́ ìbéèrè. Ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Lójú tiwa, ìbéèrè ìyá yìí mọ́gbọ́n dání ju ìdajì ohun tí ètò náà sọ lóru ọjọ́ náà lọ. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ nǹkan kan. Kì í tilẹ̀ ṣe ihò. Ìràwọ̀ ńlá kan, tó ju oòrùn tiwa lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ló jó ohun tó ń jó nínú rẹ̀ tán. Iná inú rẹ̀ ò lágbára mọ́ láti gbé ẹrù ara rẹ̀ dúró, ó bá wó lu ara rẹ̀ bí ògiri amọ̀ tí òjò ti jẹ ìdí rẹ̀. Gbogbo ẹrù yẹn rún jọ sójú kan, òòfà rẹ̀, agbára tó fi ń fa nǹkan mọ́ra, sì le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá, tí kò sí ohun tó yára tó o, bó bá wọ ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ò bá ti ara rẹ̀ jáde, òkùnkùn la ó máa rí. Òyìnbó rí òkùnkùn, ó pè é ní ihò. Àwa náà gbé ihò, a ò bèèrè. Ìyá ló bèèrè.

Àwọn kan tún wà tí ẹrù wọn ju ti ìràwọ̀ kan lọ fíìfíì. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán ọ̀kan han aráyé, èyí tó wà láàárín agbo ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní M87. Ẹrù rẹ̀ tó ti oòrùn bílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ya àwòrán náà ti wà lójú ọ̀nà fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó rin gbogbo ìrìn yẹn, ó wá dé ẹnu Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, èdè ló dá a dúró.

Ohun tí a ń sọ kò pọ̀. Àwọn ètò ojú ọ̀run tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Benin ń gbé jáde, kí wọ́n máa fọ Yorùbá fún àwọn tó ń gbọ́ Yorùbá, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) títí dé Kétu àti Sábẹ̀. Kí Fọ̀n, Baàtónú àti àwọn èdè yòókù náà rí tiwọn gbà. Kí wọ́n sì gbé e sí àkókò tí ojú ènìyàn ṣì là, kì í ṣe ìgbà tó ku ọlọ́dẹ àti ẹni tí oorun kọ̀.

Níbi tí irú ètò yìí ti gbilẹ̀, èdè ilé ni wọ́n fi ń ṣe é. Oṣù kẹrin ọdún 1957 ni BBC bẹ̀rẹ̀ ètò ìràwọ̀ tiwọn. Patrick Moore ló ń ṣe é títí ó fi kú ní ọdún 2012. Ní 1980, Carl Sagan gbé ètò alápá 13 dìde ní Amẹ́ríkà, ó sì ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì wọ́n nídìí àdògán. Hubert Reeves ará Kánádà, onírùngbọ̀n funfun tó kú ní 2023, Faransé tó dùn létí ló fi ń sọ tiẹ̀. Àwa tí a kàwé ní Àjàṣẹ́ gbádùn rẹ̀, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó sọ fún àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kó kọ́kọ́ lọ kọ́ Látìn kó tó mọ ohun tí Júpítà jẹ́. Àgbẹ̀ tiwa nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Wọ́n á ní àwọn ènìyàn wa ò lè fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó sójúde lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Ní Kétu yìí, níbi tí àwọn àgbà ti ń sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ á jáde lóru, á kọrin títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Á júbà, á súre, á fi ọ̀bàyéjẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ ṣẹlẹ́yà láìdárúkọ rẹ̀. Ọmọdé á sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, á jí, á bá orin lọ, á tún sùn. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ àràbarà tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Lókè orí gbogbo èrò náà, ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run fọ́fọ́, nítorí iná ìlú ò tíì pọ̀ débi tó máa pa wọ́n rẹ́. Ìjókòó wà, etí wà, òru wà. Ẹni tó máa na ìka sókè ni kò sí. (A ò ní kí onímọ̀ ìràwọ̀ gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e, a ó lọ wò ó.)

Àpẹẹrẹ kan rèé, kó má di pé ẹnu lásán là ń yọ. Àwọn àgbà ní, "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni." Àgùàlà yìí náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní Vénus, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń yọ ní ìwọ̀ oòrùn ní ìrọ̀lẹ́, tàbí ní ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó pa òwe náà ti fura pé ojú ló ń tan èrò. Ìwọ̀n wá gbè é lẹ́sẹ̀: òṣùpá fẹ̀ ní kìlómítà 3,474 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, Àgùàlà fẹ̀ ní 12,104, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilé ayé tiwa. Ajá ju olówó rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀! Ọ̀nà jíjìn ló sọ ọ́ di kékeré. Òṣùpá wà ní nǹkan bíi kìlómítà 384,400 sí wa. Àgùàlà, nígbà tó bá sún mọ́ wa jù, ó ṣì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 40. Kò ní iná tirẹ̀, ti oòrùn ló ń tàn padà bíi ti òṣùpá, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá fi awò wò ó á rí i pé òun náà máa ń kù sí ìlàjì, á tún pé. Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí i bẹ́ẹ̀ ní 1610. Orí ilẹ̀ rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 465 ti Celsius, òjé á yọ́ níbẹ̀ bí òrí inú oòrùn.

Ètò wákàtí kan ti wà nínú òwe kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tó bá kàn gbé ìwé Faransé kalẹ̀, tó ń yí i sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kò lè débẹ̀ láé, torí òwe ò sí nínú ìwé tó ń túmọ̀. Ibi tí wàhálà ihò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹlòmíràn á ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wo? Òòfà wà, ìràwọ̀ wà, Àgùàlà wà. Pílánẹ́ẹ̀tì ti wọlé, kó wá ibì kan jókòó sí. A ti gba bíríkì àti táyà, wọn ò bí wa nínú. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bà wá lẹ́rù gan-an jẹ́ tiwa: awòràwọ̀. Létí ará ilé, awòràwọ̀ ni ẹni tó máa sọ ẹni tó so ọ́ mọ́lẹ̀ fún ọ. Bí wọ́n bá pe olùkọ́ físíìsì bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ń wá ọkọ á ti tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni kí wọ́n máa pè é.

Ẹ tún wo oṣù ààwẹ̀. Lọ́dọọdún, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu, a máa ń rí àwọn tó ní oṣù ti lé, àti àwọn tó ní kò tíì lé. Ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ ni òṣùpá máa ń lò láti ìlé kan dé èkejì. Ìdí nìyẹn tí oṣù fi ń jẹ́ 29 nígbà kan, tó ń jẹ́ 30 nígbà mìíràn, tí ààwẹ̀ sì fi ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Tẹlifíṣọ̀n ò lè parí ìjà yẹn, àwọn àlùfáà ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí òṣùpá ṣe ń rìn kò ní tètè pe ẹnìkejì ní òpùrọ́.

Ní ti owó, a gbà pé ètò tí wọ́n rà lókè òkun ní owó ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń san lórí rẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú fọ́tò àti fídíò tí NASA, ilé-iṣẹ́ ojú ọ̀run ti Amẹ́ríkà, ń yà ni kò ní ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí, ẹnikẹ́ni lè mú un lò. Àwọn oníwàásù ti gbé fíìmù ìtàn Jésù tí ń fọ Yorùbá kiri ìgbèríko tipẹ́tipẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun kan àti jẹnẹrétọ̀ kan. Dangbo, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò àti físíìsì wà. Ẹ fi olùkọ́ kan láti ibẹ̀ àti ọ̀jẹ̀ elédè kan láti Kétu sínú yàrá kan ní Cotonou fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wo ohun tó máa jáde.

A ò sọ pé kí wọ́n túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Òmíràn wà tó yẹ kó kú sínú Faransé: ibi tí ìràwọ̀ ti ń bú gbàmù bí àrá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tó máa gbé ohùn, àti èyí tó burú jù, ibi tí wọ́n ti ń fi gbogbo ẹnu sọ pé àlejò láti ojú ọ̀run ló kọ́ pírámídì Íjíbítì, bí ẹni pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ò lè to òkúta lé òkúta. Irú èyí ń wọlé pẹ̀lú ohùn wúwo kan náà, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Dípò rẹ̀, kí wọ́n wá ti Thebe Medupe, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gúúsù Áfíríkà, tó rin ìrìn-àjò dé ọ̀dọ̀ àwọn Dogon ní Málì àti dé Íjíbítì nínú fíìmù kan tó jáde ní 2003, tó ń bèèrè ohun tí àwọn baba ńlá mọ̀ nípa ojú ọ̀run. Kí wọ́n fi Cheick Modibo Diarra ọmọ Málì hàn, tó wà lára àwọn tó darí ọkọ̀ Pathfinder dé pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní 1997. Kí kámẹ́rà dé Kuntunse ní Ghana, tí kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti sọ abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń gba tẹlifóònù tẹ́lẹ̀ di etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìràwọ̀, tí wọ́n sì ṣí i ní 2017.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá gba Ghana, Tógò, Benin àti Nàìjíríà kọjá láàárọ̀. Ní Àjàṣẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ló kù kí òṣùpá bo oòrùn tán. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, tí wọ́n tún ta aṣọ sí i, nítorí wọ́n ti sọ fún àwọn àgbà ilé pé oòrùn ọjọ́ náà ń fọ́ ojú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awò wà tí wọ́n fi ń wò ó láìséwu, èyí ni kò dé ọ̀dọ̀ wa. Faransé ni wọ́n fi ṣe ìkìlọ̀, ìdajì rẹ̀ ló wọlé. Nǹkan àrà náà kọjá lórí òrùlé, a jókòó sínú òkùnkùn, à ń gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń du ibi tí wọ́n á sùn sí.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027, òjìji mìíràn á gba àríwá Áfíríkà kọjá, láti Mọ̀rọ́kò dé Íjíbítì. Ní Luxor, oòrùn á ṣú fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tẹlifíṣọ̀n kárí ayé á gbé e, tiwa náà á gbé e. Kí wọ́n ti máa wá ẹni tó máa fi Yorùbá sọ ọ́ láti ìsinsìnyí, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e lọ sí Kétu lọ dán an wò lọ́dọ̀ ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n padà sí Cotonou lọ tún un ṣe.