Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì: kọ̀nfátà HDMI sí AV àti tẹlifíṣọ̀n Màmá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀gbọ́n wa. A ka ohun tí ẹ kọ, tí ẹ sì fún ní ìràwọ̀ méjì péré, nípa kọ̀nfátà HDMI sí AV tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí àwòrán àti ohùn ihò HDMI òde òní padà sí ti ihò AV àtijọ́, ìyẹn yẹ́lò, pupa àti funfun. Ẹ ní pléyà Blu-ray tí àǹtí yín fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lẹ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n 21 íǹṣì tí Màmá ń wò ní Ìṣẹ́yìn. Àwòrán jáde, àmọ́ dúdú àti funfun ni. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Díìsì kan ń sọ̀rọ̀, òmíràn ya odi. Ẹ wá ní gbàrọgùdù la tà fún yín, àti pé ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò ní kí ẹ kúkú gbé ti Màmá jù nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e jù nù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àtúnṣe, kọ́bọ̀ ò sì ní jáde lápò yín.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló bí yín nínú jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀nfátà yẹn, súìṣì kékeré kan wà tí wọ́n kọ PAL sí apá kan, NTSC sí apá kejì. Ìlànà méjì tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ fi ń gbé àwòrán àti àwọ̀ ni wọ́n. NTSC ni ti Amẹ́ríkà: ìlà 525, àwọ̀ rẹ̀ wà lórí 3.58 MHz. PAL ni ti Nàìjíríà: ìlà 625, àwọ̀ rẹ̀ wà lórí 4.43 MHz. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó jẹ́ PAL nìkan lè mú àwòrán NTSC dúró, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń wá àwọ̀ kọ́ ni àwọ̀ wà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé dúdú àti funfun jáde. Ẹ pa iná, ẹ fi èékánná ti súìṣì náà sí PAL, kí ẹ tó tan án padà. Bí àwọ̀ ò bá tíì dé, ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Tí ihò aláwọ̀ ewé àti búlúù bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ihò ewé lẹ ki orí yẹ́lò bọ̀. Ihò yẹ́lò tí wọ́n kọ Video sí ni tirẹ̀.

Ti àwọn èèyàn tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, inú pléyà ni ọ̀rọ̀ wà. Àwòrán òde òní fẹ̀, 16:9 ni. Ojú tẹlifíṣọ̀n Màmá jẹ́ 4:3, kọ̀nfátà sì ń fún un pọ̀ kó lè gbà. Ẹ wọ Setup, ẹ yí TV Aspect sí 4:3 Letter Box, kí ẹ yí Resolution sí 576p. Ìlà dúdú yóò wà lókè àti nísàlẹ̀, ojú èèyàn yóò sì padà sípò.

Díìsì tó ya odi: inú Setup náà ni, níbi Audio tàbí Digital Output. Tó bá wà lórí Bitstream, pléyà ń ta ohùn Dolby ní dídì, kọ̀nfátà yín ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ yí i sí PCM.

Ẹ tún bèèrè ìdí tí wọn ò fi fi ihò yẹ́lò sí ẹ̀yìn pléyà náà. Ìbéèrè gidi ni, ó sì máa ń dun èmi náà. Àdéhùn AACS, tí àwọn tó ń ṣe pléyà Blu-ray ń tọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó lè ṣí àgádágodo orí fíìmù, ló ní kí pléyà tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn òpin ọdún 2010 dín àwòrán tó ń gba ihò àtijọ́ jáde kù, àti pé lẹ́yìn òpin 2013, kí fíìmù náà má gba ibẹ̀ jáde mọ́ rárá. Àwọn tó ń da fíìmù kọ ni wọ́n ń sá fún. Ìyà rẹ̀ wá jẹ ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí ò sì dáa lójú tèmi.

Wáyà olórí HDMI lápá kan, yẹ́lò, pupa àti funfun lápá kejì, tí ẹ ní ẹ kọ́kọ́ rà lójú títì, kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Nọ́ńbà ni HDMI ń gbé, ìgbì iná ni AV ń fẹ́. Wáyà lásán ò lè sọ ọ̀kan di èkejì. Ìdí nìyẹn tí kọ̀nfátà fi ń jẹ iná 5V tirẹ̀ láti ara ṣájà fóònù. Ẹ̀yin yòókù tó ń kà á, ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: HDMI2AV lẹ ń wá. AV2HDMI jọ ọ́ gan-an, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ó ku tẹlifíṣọ̀n inú yàrá, èyí tí kò ní ju ihò áńténà lọ. Ibẹ̀ nílò RF modulator lẹ́yìn kọ̀nfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán àti ohùn di ìgbì tí ihò áńténà lè gbà. Ẹ ní èyí tí àǹtí kó mọ́ ẹrù gbé àwòrán, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń ya ṣìì bí òjò orí páànù. PAL làwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń lò títí di 2012, àmọ́ oríṣi I ni tiwọn, ohùn fi 6.0 MHz jìnnà sí àwòrán. Tiwa jẹ́ B àti G, 5.5 MHz. Ẹ yẹ ara modulator náà wò bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń yan I tàbí G, nítorí àwọn kan ní in. Bí kò bá ní, ẹ jẹ́ kó máa gbé àwòrán nìkan, kí ẹ so orí pupa àti funfun mọ́ rédíò tó ní ihò AUX.

Ohun kan tí àtúnṣe ò lè mú kúrò: ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ fíìmù ò ní mọ́ tó ti tẹlifíṣọ̀n tuntun, torí nínú ìlà 625 yẹn, 576 péré ló ń gbé àwòrán.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò yí padà, ẹ gbé kọ̀nfátà, pléyà àti rìmóòtù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Dùgbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí a fi ń dán ọjà wò, a ó jọ so ó níṣojú yín. Bó bá jẹ́ kọ̀nfátà ló bàjẹ́, ẹ ó gba òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹ bá wa kí Màmá o.