Òfin ọdún 1920 àti ìbò àwọn obìnrin Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín kiri sọ pé láti ọdún 1920 ni gbogbo obìnrin Amẹ́ríkà ti ń dìbò. Ọdún náà tọ̀nà. "Gbogbo" ni kò tọ̀nà.

Ohun tí Àtúnṣe Kọkàndínlógún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tó di òfin lọ́dún náà, ṣe ni pé ó ka á léèwọ̀ láti fi ẹ̀tọ́ ìdìbò du ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Kò fọwọ́ kan àwọn ìdènà mìíràn rárá.

Ẹ wo obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń fọṣọ fún olówó ní ìpínlẹ̀ Alabama nígbà náà: wọn yóò ní kó san owó orí ìdìbò, dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ́dún, tí gbèsè ọdún tí kò san yóò sì máa gorí ara wọn, wọn yóò sì tún dán an wò bóyá ó mọ̀wé, níwájú òṣìṣẹ́ tó lè já a kulẹ̀ bó ṣe wù ú. Irú ìyà kan náà ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1870 ni òfin ti ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ léèwọ̀ nínú ìdìbò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò ọdún 1965 ló dá ìdánwò náà dúró níbẹ̀.

Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn obìnrin Wyoming, agbègbè kan ní Amẹ́ríkà, ti gba ẹ̀tọ́ ìdìbò láti ọdún 1869.

Ẹni tó bá fẹ́ wádìí lè ka àtúnṣe náà fúnra rẹ̀ lórí ìkànnì ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà. Gbólóhùn méjì péré ni, kí ó sì fi ìwé òfin Alabama ti ọdún 1901, níbi tí owó orí àti ìdánwò náà wà, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.