Oore-ọ̀fẹ́ Kò Bẹ̀rẹ̀ Nínú Májẹ̀mú Titun

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló gbà pé Bíbélì pín sí ọ̀nà méjì tí kò bára mu. Wọ́n ní nínú Májẹ̀mú Láéláé, òfin ni Ọlọ́run fi ń bá ènìyàn lò: ẹni tó bá pa á mọ́ rí ìgbàlà, ẹni tó bá rú u ṣègbé. Ìgbà tí Jésù dé, wọ́n ní, ni Ọlọ́run tó gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oore-ọ̀fẹ́ bá wa lò. Gbólóhùn tí wọ́n máa ń fi gbe ìgbàgbọ́ yìí lẹ́sẹ̀ ni pé a kò sí lábẹ́ òfin mọ́, abẹ́ oore-ọ̀fẹ́ ni a wà. Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ni lóòótọ́, ó wà nínú Róòmù 6:14, ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kò fìgbà kan kọ́ni pé àwọn tó ti sùn kí a tó bí Jésù gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà ju àríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lọ, nítorí ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run ti yí ìwà padà lẹ́ẹ̀kan yóò máa bẹ̀rù pé ó lè tún yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí òfin gan-an ṣe dé. Ní orí 2 ìwé Ẹ́kísódù, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kérora nínú oko ẹrú ní Íjíbítì, Ọlọ́run sì gbọ́, ó rántí májẹ̀mú tí ó bá àwọn baba ńlá wọn dá. Orí 12 ni wọ́n jáde, orí 14 ni wọ́n la òkun kọjá, ó sì di orí 20 kí a tó fún wọn ní Òfin Mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àṣẹ èyíkéyìí níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run ni ó mú wọn jáde kúrò lóko ẹrú. Bí ìgbọràn bá jẹ́ owó tí wọ́n fi ra ìdáǹdè, ní Íjíbítì ni Ọlọ́run ì bá ti fún wọn ní òfin náà, kí ó fi dán wọn wò bóyá wọ́n yẹ lẹ́ni tí à ń gbà là. Mósè tún sọ ọ́ fún wọn láìfi bò nínú Diutarónómì 9 pé kì í ṣe nítorí òdodo wọn ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ náà, nítorí ọlọ́rùn líle ni wọ́n.

Ibi tí ó tilẹ̀ wú mi lórí jù ni ìtàn ẹgbọ̀rọ̀ màlúù wúrà ní orí 32 ìwé Ẹ́kísódù. Mósè kò tíì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Sínáì tí àwọn ènìyàn fi da ère, tí wọ́n sì ń jó níwájú rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi ẹnu ara wọn jẹ́jẹ̀ẹ́ láti pa mọ́ ni wọ́n rú láàárín ọjọ́ 40. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ òfin nìkan ló so wọ́n mọ́ Ọlọ́run, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ì bá ti parí. Wọ́n jìyà, nítorí bí 3,000 ọkùnrin ló kú lọ́jọ́ náà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Mósè fi bẹ̀bẹ̀. Kò rí iṣẹ́ rere kankan tọ́ka sí lọ́wọ́ wọn. Ìlérí tí Ọlọ́run fi ara rẹ̀ búra fún Ábúráhámù, Ísákì àti Jákọ́bù ni ó dìrọ̀ mọ́, Ọlọ́run sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ní orí 34, ó ní kí Mósè gbẹ́ wàláà méjì mìíràn, ó sì kéde orúkọ ara rẹ̀ níwájú rẹ̀: aláàánú àti olóore-ọ̀fẹ́, tí ó lọ́ra láti bínú, tí ó ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì, tí kì í sì í dá ẹlẹ́bi láre. Wàláà tí wọ́n gbé sínú àpótí májẹ̀mú, èyí tí a kọ lẹ́yìn ìdáríjì ni. Ti àkọ́kọ́ ti fọ́ nísàlẹ̀ òkè. N kò mọ ẹ̀rí mìíràn tí ó lágbára tó èyí pé inú oore-ọ̀fẹ́ ni òfin fúnra rẹ̀ ń gbé.

Ìkéde yìí kan náà ni ó bí wòlíì Jónà nínú. Ó mọ̀ pé bí Ọlọ́run ṣe rí nìyẹn, ìdí rẹ̀ tí ó fi sá nìyẹn nígbà tí Ọlọ́run rán an sí Nínéfè, kí àwọn ará ìlú náà, tí a kò fún ní òfin Mósè rí, má baà rí àánú gbà.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé, ẹbọ ńkọ́? Léfítíkù 17:11 dáhùn: Ọlọ́run ní òun ni òun fi ẹ̀jẹ̀ náà fún wọn lórí pẹpẹ láti ṣe ètùtù. Ọwọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ ni ohun ètùtù ti wá. Ìwé Hébérù sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù àti ti ewúrẹ́ kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, Róòmù 3:25 sì fi hàn pé nínú ìpamọ́ra ni Ọlọ́run fi gbójú fo ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ Kristi. Kristi kan náà ló gba Dáfídì là tí ó gbà wá là.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ fi hàn nínú Róòmù 4 pé ìgbàgbọ́ ni a fi ń dá ènìyàn láre, inú Májẹ̀mú Láéláé ni ó ti mú ẹlẹ́rìí méjì. A ka ìgbàgbọ́ Ábúráhámù sí òdodo fún un kí ó tó kọlà. Dáfídì, tí ó gbé ayé lábẹ́ òfin, tí ó ṣe panṣágà tí ó sì pa ènìyàn, ni ó kọrin nínú Sáàmù 32 pé ìbùkún ni fún ẹni tí a bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Gálátíà 3:17, Pọ́ọ̀lù ní òfin tí ó dé lẹ́yìn ọdún 430 kò lè sọ ìlérí di asán. Òótọ́ ni pé ó sọ̀rọ̀ líle lórí òfin, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fẹ́ fi òfin ra ìdáláre ni ó ń bá wí.

Èrò pé Ọlọ́run inú Májẹ̀mú Láéláé yàtọ̀ sí ti inú Májẹ̀mú Titun kì í ṣe tuntun. Marcion, olùkọ́ni kan tó jẹ́ ọmọ ìlú Sínópè, fi kọ́ni débi pé ó kọ gbogbo Májẹ̀mú Láéláé sílẹ̀, ìjọ tó wà ní Róòmù sì lé e jáde ní ọdún 144. Nínú àwọn Ẹ̀kọ́ 39 tí ó sọ ohun tí Ìjọ Áńgílíkà gbàgbọ́, èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ní 1571, ìkeje sọ pé nínú májẹ̀mú méjèèjì ni a ti fi ìyè àìnípẹ̀kun lọ ènìyàn nípasẹ̀ Kristi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdájọ́ wà nínú Májẹ̀mú Titun pẹ̀lú. Ẹ ka ìtàn Ananáyà àti Sàfírà, tí wọ́n kú nítorí irọ́ tí wọ́n pa, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5.

Kí wá ni Jòhánù ní lọ́kàn nígbà tí ó sọ nínú Ìhìn Rere rẹ̀, ní 1:17, pé òfin tipasẹ̀ Mósè wá, ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ àti òtítọ́ tipasẹ̀ Jésù Kristi? Ẹsẹ tí ó ṣáájú rẹ̀ sọ pé oore-ọ̀fẹ́ kún oore-ọ̀fẹ́ ni a gbà, nítorí náà kò sọ pé ọwọ́ àwọn ará ìgbàanì ṣófo. Ohun tuntun wà lóòótọ́: ẹni tí wọ́n ń retí ti di ènìyàn, ẹbọ náà ti parí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn orílẹ̀-èdè láìsí ìkọlà. Inú Májẹ̀mú Láéláé kan náà ni a sì ti ṣèlérí ohun tuntun yìí, ní Jeremáyà 31, ní ìgbà ayé wòlíì tí ó fojú rí bí Bábílónì ṣe ṣẹ́gun Jerúsálẹ́mù. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti sọ pé òun kò ní rántí ẹ̀ṣẹ̀ wọn mọ́, àti pé òfin tí àwọn kan rò pé oore-ọ̀fẹ́ lé lọ, ọkàn àwọn ènìyàn òun ni òun yóò kọ ọ́ sí.